Ehoro Tó Ti Rí Ìjà Kó Tó Jà

Àlọ́ o!

Àlọ̀!

Kí ló dé tí ohùn yín ò ròkè? Ṣé ẹnu yìí náà kọ́ lẹ fi ń pariwo láti ìrọ̀lẹ́ ni? Mo ń gbọ́ yín níbi tí mo ti ń bó ẹ̀gúsí. "Akànṣẹ́ tó fárí ló máa borí!" "Rárá o, onírùngbọ̀n ni!" Ládélé, ìwọ tó o ti ní ìyàwó nílé, ìwọ gan-an lo pariwo jù. O ní ìjà ò ní kọjá abala kẹta tí wọ́n á fi gbé onírùngbọ̀n kúrò nílẹ̀. Ta ló sọ fún ẹ? Ṣé wọ́n ti jà á níwájú ẹ ni? Ìjà tó di ọjọ́ Sátidé! Ẹ pa rédíò yẹn. Mojírọ́lá, sún sọ́hùn-ún díẹ̀, jẹ́ kí Bàbá rí ibi na ẹsẹ̀ sí. Mo máa pè é lẹ́ẹ̀kan sí i o. Bí mi ò bá gbọ́ yín dáadáa, mo máa wọlé lọ sùn ni.

Àlọ́ o!

Àlọ̀ọ̀ọ̀!

Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá dáhùn. Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó kan ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún, ó kan ẹ̀ṣẹ́ òsì, ó wá lọ balẹ̀ gbì lórí Ehoro.

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí etí Ehoro ò tíì gùn ju etí ológbò lọ, àwọn ẹranko ń gbé ní ìlú kan tó wà létí odò. Ilẹ̀ oko wọn ò pọ̀. Èyí tó dára jù níbẹ̀ ni àkùrọ̀ tó wà ní bèbè odò náà. Ilẹ̀ dúdú ni, ó rọ̀, iṣu tí wọ́n bá wà níbẹ̀ a máa tóbi tó itan àgbàlagbà. Èyí tó kù jẹ́ orí òkè, òkúta lásán. Bí o bá gbin iṣu síbẹ̀, iṣu á ta bí ìka ọwọ́.

Ta ló máa gbin àkùrọ̀? Ta ló máa gun orí òkè? Ọ̀rọ̀ yìí ì bá ti tú ìlú náà ká. Àwọn àgbà wọn wá dá àṣà kan sílẹ̀. Lọ́dọọdún, kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, akànṣẹ́ méjì tó lágbára jù nílùú á bọ́ sójú agbo. Àwọn ẹranko tó kù á pín sí ìhà méjì, oníkálukú á lọ jókòó síhà akànṣẹ́ tó bá yàn. Akànṣẹ́ tó bá borí ló máa di ìgbànú aláwọ, òun ni ìlú á máa pè ní ọ̀gá títí ọdún á fi yí po. Àwọn tó jókòó síhà rẹ̀ ló sì máa gbin àkùrọ̀ lọ́dún náà. Àwọn tó jókòó sí ìhà kejì, orí òkè ni tiwọn. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré rárá.

Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, Ẹfọ̀n ló ni ìgbànú. Ó ti dì í pẹ́. Ọrùn rẹ̀ ki, àyà rẹ̀ fẹ̀, bó bá ju ẹ̀ṣẹ́, afẹ́fẹ́ gan-an á pariwo. Ẹni tó fẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ ni Ìnàkí. Apá Ìnàkí gùn débi pé ó lè dúró síbí kó gbá ẹ létí lọ́hùn-ún. Wọ́n máa fi àkísà di ọwọ́ àti pátákò. Kò sí fífi ìwo kàn, kò sí gígé jẹ. Ẹ̀ṣẹ́ nìkan. Àkùkọ ni adájọ́. Bó bá kọ, wọ́n á jà. Bó bá tún kọ, wọ́n á sinmi.

Hẹn! Ìlú gbóná! Bí o bá dé etí odò, ọ̀rọ̀ ìjà ni. Bí o bá dé ọ̀nà oko, ọ̀rọ̀ ìjà ni.

"Ẹfọ̀n ni! Ṣé o ti rí àyà rẹ̀?"

"Àyà ni wọ́n fi ń jà ni? Ìnàkí ni! Wo apá ẹ̀!"

"Apá tó tín-ín-rín yẹn?"

"Jẹ́ kó gbá ẹ ná, kó o tó sọ pé ó tín-ín-rín."

Ọkọ ò bá ìyàwó jẹun mọ́. Àwọn ọmọ ń ju ẹ̀ṣẹ́ fúnra wọn lójú ọ̀nà. Bí ẹ ṣe ṣe nírọ̀lẹ́ yìí gẹ́lẹ́ ni.

Àmọ́ àṣà kan tún wà. Ẹ fetí sí eléyìí dáadáa o, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Bí o bá sọ pé, "Mo fẹ́ kí Ẹfọ̀n borí," kò sí wàhálà, ẹnu ẹ ni. Ṣùgbọ́n bí o bá la ẹnu sọ pé, "Mo ti rí ìjà náà, Ẹfọ̀n ló máa borí," o ti di agbómi Ẹfọ̀n nìyẹn. Lọ́jọ́ ìjà, ìwọ lo máa dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ìwọ lo máa fún un lómi mu, ìwọ lo máa nu òógùn rẹ̀, ẹlòmíì ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan igbá omi náà. Bí akànṣẹ́ rẹ bá sì ṣubú tí kò lè dìde, ìwọ lo máa pọ̀n ọ́n délé.

Ẹ wá rò ó wò. Ta ló fẹ́ pọn Ẹfọ̀n? Ìdí nìyẹn tí gbogbo wọn fi ń pariwo ohun tí wọ́n fẹ́, tí ẹnikẹ́ni ò sì sọ pé òun mọ̀.

Ehoro mọ àṣà yìí dáadáa. Ṣùgbọ́n Ehoro ya ọ̀lẹ. Ọkọ́ tó wà nílé rẹ̀, aláǹtakùn ti takùn bò ó pátápátá. Ọdún tí wọ́n bá pín àkùrọ̀ fún un, kì í gbin nǹkan kan síbẹ̀. Ọdún tí wọ́n bá pín orí òkè fún un, á ní òkúta ni kò jẹ́ kí òun gbin nǹkan. Ẹnu rẹ̀ dùn, ikùn rẹ̀ jìn, ohun tó ní nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan, ó jókòó sábẹ́ igi, ó ń wo àwọn tó ń jiyàn. Ó ní, "Gbogbo ìlú ló ń wá nǹkan kan ṣoṣo. Wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó máa borí, kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n máa jókòó sí. Bí mo bá sọ fún wọn ní bòókẹ́lẹ́ ńkọ́? Bí mo bá ní kí oníkálukú pa ẹnu mọ́, ta ló máa mọ̀ pé mo sọ ọ́? Bí mo bá sọ Ẹfọ̀n fún àwọn kan, tí mo sì sọ Ìnàkí fún àwọn kan, ṣé ó tún ṣeé ṣe kí n kùnà? Akànṣẹ́ méjì péré ni. Ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ borí. Ìdajì ìlú á máa kí mi pé mo kú iṣẹ́, àwọn tó kù á máa gun òkè lọ!" Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó yí gbirigbiri nínú iyanrìn.

Kí ni Bàbá wí?

"Mo ní, bí àwọn méjèèjì bá wá ṣubú pọ̀ ńkọ́?"

Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa tòògbé yín lọ. Mo rò pé ẹ ti sùn ni. Ṣé èmi ni mò ń pa àlọ́ yìí àbí ẹ̀yin? Ẹ jẹ́ n ráyè sọ tèmi.

Ilé tí Ehoro kọ́kọ́ lọ ni ilé Òkété. Opó ni Òkété, àwọn ọmọ rẹ̀ sì pọ̀ rẹpẹtẹ. Lọ́dún tó kọjá, ìhà tó jókòó sí ló fìdí rẹmi. Orí òkè ló gbin iṣu sí. Ẹ̀yin náà mọ bí iṣu náà ṣe ta. Látìgbà náà, ewé ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń jẹ, wọ́n sì ti rù kan eegun. Ohun kan ṣoṣo tó kù ún kù ni èbù iṣu tó kó sí kọ̀rọ̀ ilé. Ebi pa wọ́n títí, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Ó ń dúró de òjò.

Ehoro kan ilẹ̀kùn kó-kó-kó. "Ẹ kú ilé o, Ìyá Òkété."

"Kú àbọ̀, Ehoro. Ṣé kò sí o?"

"Kò sí, Ìyá. Àánú yín ló ṣe mí. Mo ń rí àwọn ọmọ yín lójú ọ̀nà." Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ìyá, mo ti rí ìjà náà."

Òkété dìde dúró. "O rí i? Báwo lo ṣe rí i?"

"Ojú mi yìí náà ni mo fi rí i. Ibi tí àwọn méjèèjì ti ń gbára dì, mo lọ wò wọ́n. Mo wo orúnkún wọn, mo wo bí wọ́n ṣe ń mí. Ó ti hàn sí mi kedere. Ọ̀kan nínú wọn ò lè dúró débi tí Àkùkọ á kọ lẹ́ẹ̀mẹrin."

Irọ́ gbuu! Kò dé ibẹ̀ rárá. Oorun ló ń sùn.

Òkété ní, "Ọ̀rọ̀ agbómi ńkọ́?"

"Ìdí nìyẹn tí ẹ ò fi gbọdọ̀ sọ fún ẹnikẹ́ni. Bí ẹlòmíì bá gbọ́, gbogbo ìlú á ya síhà kan. Ta ló máa wá kù tí ẹ máa gba àkùrọ̀ mọ́ lọ́wọ́? Ẹ gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ohun tí mo fẹ́ ò pọ̀. Ẹ fún mi ní èbù yẹn."

"Èbù mi? Ehoro! Kí ni mo máa wá gbìn?"

"Ìyá, ẹni tó bá ti ní àkùrọ̀, ta ni ò ní fún un ní èbù? Àmọ́ ẹni tó ní èbù tí kò ní ilẹ̀, kí ló fẹ́ fi ṣe?"

Òkété wo èbù rẹ̀. Ó wo àwọn ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ń sùn ní ọ̀sán gangan torí ebi. Omi lé sójú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀, ó kó èbù náà jáde, ó gbé e sínú àpò Ehoro. Ehoro tẹnu bọ̀ ọ́ létí, ó ní, "Ẹfọ̀n." Ó yára jáde kí Òkété má baà yí ọkàn padà.

Ó gba ilé Ọ̀yà lọ. "Ọ̀yà, ọ̀rẹ́ mi, mo ti rí ìjà náà." Ọ̀yà kó iṣu tó dára jù nínú abà rẹ̀ fún un. Ehoro tẹnu bọ̀ ọ́ létí, ó ní, "Ìnàkí. Má sọ fún ẹnikẹ́ni o." Ó dé ilé Ìgalà, ó sọ Ẹfọ̀n. Ó dé ilé Túùpú, ó sọ Ìnàkí. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe yí ìlú po. Ilé tó bá yà, ó ń kó iṣu jáde, ẹni tó ń kó iṣu fún un sì ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀! Oníkálukú rò pé òun nìkan ló mọ̀. Abà Ehoro tó ti ṣófo látọdúnmọ́dún kún dé òrùlé. Lára èbù Òkété ló ti kọ́kọ́ mú, ó sun ún, ó fi epo jẹ ẹ́, ó lá ọwọ́.

Ẹ wò mí dáadáa. Ọmọ tó bá rẹ́rìn-ín níbẹ̀ yẹn, mi ò ní bínú sí i, àmọ́ inú mi ò dùn sí Ehoro yẹn rárá.

Ọjọ́ pé. Agbo kún! Wọ́n gun igi, wọ́n gun òkìtì. Àwọn ti Ẹfọ̀n jókòó sápá ọ̀tún, àwọn ti Ìnàkí jókòó sápá òsì. Oòrùn mú ganrínganrín, kò sí kùrukùru lójú sánmà. Ehoro ò jókòó sí ìhà kankan. Ó lọ fara pamọ́ sẹ́yìn igi ìrókò kan láàárín méjì, ó gbé iṣu sísun dání. Ó ní, "Ẹni tó bá borí, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mo máa sáré lọ."

Àkùkọ bọ́ sójú agbo. Ó gbé àyà sókè. Wọ́n gbé igbá omi méjì kalẹ̀, ọ̀kan síhà ọ̀tún, ọ̀kan síhà òsì.

"Ta ló ti rí ìjà yìí?" Àkùkọ béèrè. "Kó jáde wá gbómi!"

Kò sẹ́ni tó jáde. Ó tún béèrè. Gbogbo wọn ń wo ilẹ̀. Ehoro ki iṣu bọ ẹnu. Àkùkọ ní, "Ó dáa. Igbá omi méjèèjì á wà bẹ́ẹ̀." Ó bá kọ. Kẹ̀kẹ́rẹ̀kẹ́ẹ̀!

Ẹ bá mi gbe orin yìí o. Bí mo bá ti lé e, kẹ́ ẹ dáhùn "Gbì, gbàá, gbì!" Ẹ máa pàtẹ́wọ́!

Ẹfọ̀n, ṣọ́ra ẹ o!
Gbì, gbàá, gbì!
Ìnàkí, gbápá sókè!
Gbì, gbàá, gbì!
Àkùrọ̀ ń bẹ lẹ́bàá odò,
Gbì, gbàá, gbì!
Ẹni bá dúró ni yóò ni ín,
Gbì, gbàá, gbì!

Ẹfọ̀n dìde lórí ẹsẹ̀ méjì. Ó ju ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún, wùù! Ìnàkí bẹ̀rẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ kọjá lórí rẹ̀. Ìnàkí na apá gígùn, pàá! Ó bà á ní imú. Ìhà òsì dìde, wọ́n hó yèè! Ẹfọ̀n gbọn orí. Ó rìn wọlé, kò sáré, ó gbá Ìnàkí níhà, gbì! Ìnàkí tẹ̀ kọdọrọ. Ìhà ọ̀tún náà dìde, wọ́n hó! Àkùkọ kọ, wọ́n sinmi. Àkùkọ kọ, wọ́n tún wọ̀ ọ́. Eruku bo agbo mọ́lẹ̀. Wọn ò mọ ta ló ń lu ta mọ́, àfi kí wọ́n ṣáà máa gbọ́ gbì, gbàá, gbì!

Nígbà tí Àkùkọ tún kọ pé kí wọ́n sinmi, òùngbẹ ti dé ọ̀fun àwọn méjèèjì. Omi wà níwájú wọn, kò sí ẹni tó lè fún wọn. Àṣà ni. Ahọ́n Ẹfọ̀n ti yọ síta. Bó ṣe tóbi tó, bẹ́ẹ̀ ni òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ tó. Ó padà sójú ìjà, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta kọ́ra. Ìnàkí gbá a lójú ọ̀tún. Ìnàkí gbá a lójú òsì. Ẹfọ̀n fi orúnkún kan kanlẹ̀!

Òkété ń wò ó. Àkùrọ̀ ń lọ! Àkùrọ̀ ń lọ lójú rẹ̀, èbù sì ti lọ. Ó wo àwọn ọmọ tó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ara rẹ̀ ò gbà á mọ́. Ó fò sókè, ó kígbe:

"Ẹfọ̀n ní agbómi o! Ehoro ni! Ehoro ti rí ìjà! Ó sọ fún mi nínú ilé mi pé Ẹfọ̀n ló máa borí. Ẹ pè é kó wá fún un lómi!"

Níhà òsì, Ọ̀yà dìde gìrì. "Kí lẹ wí? Ehoro wo? Ehoro tó sọ Ìnàkí fún mi?"

"Ó sọ Ẹfọ̀n fún èmi náà!" Ìgalà nìyẹn.

"Irọ́! Ìnàkí ló sọ! Mo fún un níṣu!" Túùpú nìyẹn.

"Èmi náà!" "Èmi náà!" "Ó ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni!" "Èmi náà ló sọ bẹ́ẹ̀ fún!"

Agbo dàrú. Ìjà dúró. Ẹfọ̀n àti Ìnàkí gan-an ń wo ara wọn, wọ́n ń mí helehele.

Ehoro ti dìde kúrò lẹ́yìn igi, ó ń yọ́ lọ. Àkùkọ rí i. "Ehoro! Má tẹ̀ síwájú o."

Ehoro yíjú padà, ó da ẹ̀rín bo ojú. "Adájọ́, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti yanjú? Agbómi kan ò lè sin akànṣẹ́ méjì. Kò sí nínú àṣà wa. Torí náà, ẹ jẹ́ kí n máa lọ sílé."

Àkùkọ ní, "Kò sí nínú àṣà wa torí pé a ò tíì rí irú ẹ rí. Méjì lo sọ, méjì lo máa gbómi fún. Bẹ̀rẹ̀ látorí Ẹfọ̀n."

Ariwo ẹ̀rín sọ! Ehoro gbé igbá ọ̀tún fún Ẹfọ̀n, ó sáré gba òdìkejì agbo lọ gbé igbá òsì fún Ìnàkí. Ó nu òógùn tibí, ó sáré lọ nu tọ̀hún. Bó ṣe ń sáré ló ń ronú. Lójijì, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Nǹkan kan ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sí i lọ́kàn. Ẹni tó bá ṣubú, òun ló máa pọ̀n ọ́n. Ó wo Ẹfọ̀n láti orí dé ẹsẹ̀. Ó wo Ìnàkí.

Ó sáré padà sọ́dọ̀ Ẹfọ̀n. "Bàbá mi, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣubú o! Ẹ wo èjìká òsì rẹ̀, bó bá ti ń lọ sẹ́yìn báyìí, ó fẹ́ ju ẹ̀ṣẹ́ nìyẹn!" Ó sáré dé ọ̀dọ̀ Ìnàkí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má jẹ́ kí n rógun! Bó bá ti tẹ orí ba, ẹ yẹra, ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún ló ń bọ̀ yẹn!" Ṣé ẹ rí nǹkan? Ọjọ́ yẹn gan-an ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wo ìjà náà.

Kẹ̀kẹ́rẹ̀kẹ́ẹ̀! Ẹ gbe orin!

Ehoro, gbómi wá o!
Gbì, gbàá, gbì!
Ehoro, gbé e lọ o!
Gbì, gbàá, gbì!
Ẹni bá ṣubú, o ó pọ̀n ọ́n,
Gbì, gbàá, gbì!
Ẹni bá dúró, ó tún dáa,
Gbì, gbàá, gbì!

Omi ti dé ọ̀fun, ara ti yá. Ìjà tí wọ́n ń jà tẹ́lẹ̀, eré ni. Ẹfọ̀n ti mọ ìgbà tí apá gígùn ń bọ̀, ó ń yẹ̀ ẹ́. Ìnàkí ti mọ ìgbà tí orí ń wálẹ̀, ó ń yẹ̀ ẹ́. Wọ́n ń yí ara wọn po. Ìlú dìde dúró, kò sẹ́ni tó lè jókòó mọ́. Ehoro ń fò lórí ẹsẹ̀ kan, ó ń ké, "Ẹ dúró o! Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ dúró!"

Ẹfọ̀n tẹ orí ba. Lákòókò yẹn gan-an, èjìká òsì Ìnàkí lọ sẹ́yìn. Ẹfọ̀n tú gbogbo agbára rẹ̀ sílẹ̀. Ìnàkí náà tú gbogbo agbára rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀ṣẹ́ méjì jáde lẹ́ẹ̀kan náà!

GBÀÀÀÀ!

Ẹfọ̀n ṣubú sọ́tùn-ún. Ìnàkí ṣubú sósì. Ilẹ̀ mì. Ẹyẹ fò kúrò lórí ìrókò.

"Mo ti wí! Mo ti wí i láti àárọ̀!"

Bàbá, ẹ wí i lóòótọ́. Ẹ jókòó, ẹ rọra. Bó bá di Sátidé, a máa gbé yín lọ síbẹ̀ kí ẹ lọ gbómi.

Àkùkọ bẹ̀rẹ̀ sí kà. Ení. Èjì. Ẹ̀ta. Ehoro ń sáré láàárín méjì, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ tibí, ó ń da omi sórí tọ̀hún. "Ẹ dìde! Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnì kan dìde!" Ẹ̀jọ. Ẹ̀sán. Ẹ̀wá! Kò sẹ́ni tó mira.

Àkùkọ gbé ìgbànú sókè, kò rí ẹni tó máa dì í mọ́ nídìí. Ó fi kọ́ sórí ẹ̀ka igi. "Kò sẹ́ni tó borí," ó wí.

Gbogbo ojú yí sí Ehoro. Ehoro tó ní òun ò lè kùnà! Ó sọ Ẹfọ̀n fún ìdajì ìlú, ó sọ Ìnàkí fún ìdajì tó kù, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tó sọ òótọ́ fún.

Òkété rìn jáde láàárín èrò. Kò pariwo. Ó ní, "Ehoro, èbù mi dà?"

Ehoro gbé igbá omi, ó ń ṣe bí ẹni tí iṣẹ́ ò tíì tán lọ́wọ́ rẹ̀.

Wọ́n ní kó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n gbé Ẹfọ̀n lé e lẹ́yìn. Kò tíì mí tán tí wọ́n fi gbé Ìnàkí lé Ẹfọ̀n. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan!" Wọ́n ní ìyẹn ò burú, àmọ́ ìlú ò lè dúró dè é. Wọ́n bá a gbé e látẹ̀yìn díẹ̀ kó má baà kú, àmọ́ òun ló rù ú. Bó ṣe gbẹ́sẹ̀, wọ́n ń mì lẹ́yìn rẹ̀, Ẹfọ̀n la ojú díẹ̀, ẹ̀rù bà á pé òun fẹ́ já bọ́. Ó di etí ọ̀tún Ehoro mú. Ìnàkí náà na apá gígùn rẹ̀, ó di etí òsì mú. Ehoro ń rìn, etí ń fà. Ó ń gun gegele, etí ń fà sí i. Ìlú ń kọrin tẹ̀ lé e lẹ́yìn, gbì, gbàá, gbì, títí wọ́n fi dé ilé Ẹfọ̀n, títí wọ́n fi dé ilé Ìnàkí. Nígbà tí wọ́n fi sọ̀ ọ́, etí rẹ̀ méjèèjì ti di gbọọrọ. Ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀, etí náà tún dìde dúró.

Láti ibẹ̀, abà rẹ̀ ni wọ́n yà sí. Oníkálukú kó iṣu rẹ̀. Èbù Òkété ò pé mọ́, Ehoro ti jẹ níbẹ̀. Ọ̀yà ló kọ́kọ́ mú iṣu kan nínú tirẹ̀, ó jù ú sínú apẹ̀rẹ̀ Òkété. Ìgalà jù sí i. Túùpú jù sí i. Apẹ̀rẹ̀ náà kún, àwọn ọmọ Òkété ló bá a gbé e. Nígbà tí wọ́n sì ti rí i pé kò síhà tó fìdí rẹmi, Àkùkọ pín àkùrọ̀ fún ìhà méjèèjì, kálukú gba díẹ̀. Òkété gbin tirẹ̀ síbi tí ilẹ̀ ti dúdú jù. Lọ́dún náà, iṣu ta, àwọn ọmọ rẹ̀ yó, wọ́n sanra.

Ehoro náà wá lọ́jọ́ tí wọ́n ń pín ilẹ̀. Ó ní, "Èmi ńkọ́?"

Àkùkọ ní, "Ìhà wo lo jókòó sí?"

Ehoro yíjú, ó wọ inú igbó lọ. Títí di òní, Ehoro ò lóko. Ewébẹ̀ inú oko olóko ló ń jí jẹ. Bó bá sì gbọ́ ìró ẹsẹ̀ báyìí, á na etí gígùn méjèèjì sókè, á bẹ́ sínú igbó. Ó rò pé wọ́n ń gbé akànṣẹ́ bọ̀ wá kó wá pọ̀n ni.

Ìdí àlọ́ mi rèé o, mo ti tú u palẹ̀ níwájú yín. Ó ń kọ́ wa pé ká má fi ohun tí a ò mọ̀ gba ohun tí ẹlòmíràn gbẹ́kẹ̀ lé. Ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀, kò sẹ́ni tó lè gbowó rẹ̀. Ẹni tó bá sì ń sọ tibí fún àwọn tibí, tó ń sọ tọ̀hún fún àwọn tọ̀hún, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí wọ́n máa bi í pé ibo ló jókòó sí.

Ó yá, Ládélé. Mo ń bọ̀ lọ́dọ̀ ẹ. Dìde dúró kí gbogbo ilé rí ẹ. Ìjà ọjọ́ Sátidé, ta lo ní ó máa borí?

"Màmá, mo kàn... mo kàn fẹ́ kí èyí tó fárí borí ni."

Ẹ gbọ́ o! Ó kàn fẹ́ ni! Ó dáa bẹ́ẹ̀, ọkọ mi. Jókòó. Mojírọ́lá, bu omi fún bàbá yín mu.